Kùrukùru tó ń bo òkè Ṣábẹ̀ẹ́: ọyẹ́ ni àbí èéfín? Ohun tí sátẹ́láìtì ń rí àti ohun tí kò rí

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti múlẹ̀ dáadáa, tí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), ní àárín orílẹ̀-èdè Benin, bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lójú ẹni tó dúró lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakou, àwòrán kan máa ń gbòde lórí WhatsApp. Àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà ni, tí àmì pupa bò láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Súdáànì, tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé gbogbo ilẹ̀ wa ń jóná. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ọ̀rọ̀ á ti di iyàn. Ẹnì kan á ní àwọn darandaran ló ń sun igbó. Òmíràn á ní kò sí iná kankan, pé ọyẹ́ ni, pé láti ayébáyé la ti ń rí i. Ẹlòmíì á tún fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́, èyí tí ojú sánmà rẹ̀ pọ́n ní píǹkì, á ní eruku aṣálẹ̀ ń bọ̀, kí kálukú tilẹ̀kùn.

Òtítọ́ díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ohun tó ń dá iyàn sílẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹyọ kan: iná, èéfín àti eruku. Sátẹ́láìtì tó rí ọ̀kan lè má rí èkejì rárá, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń bá wa mí afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀.

Kí ló ń bò wá lójú gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú eruku, torí ọ̀nà rẹ̀ ló jìn jù. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn wá bá wa. Ọ̀kan lára ibi tí eruku ti ń jáde jù lọ láyé wà lójú ọ̀nà rẹ̀: Bodélé, ilẹ̀ kòtò kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, ní ìhà ibi tí òkè Tibesti àti òkè Ennedi ti kojú síra wọn. Afẹ́fẹ́ tó bá gba àárín òkè méjèèjì kọjá máa ń le koko, pàápàá lówùúrọ̀. Ilẹ̀ Bodélé fúnra rẹ̀ kì í ṣe iyanrìn lásán. Ìsàlẹ̀ omi ni láyé àtijọ́, nígbà tí Adágún Chad fẹ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ fíìfíì. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi ló kú sísàlẹ̀ adágún náà, tí èèpo ara wọn ṣù jọ di ẹfun tó fúyẹ́ gan-an. Omi gbẹ, ẹfun kù, ọyẹ́ sì ń bù ú lọ lọ́dọọdún.

Láti Bodélé dé Ṣábẹ̀ẹ́ tó nǹkan bíi 2,000 kìlómítà. Ọjọ́ mélòó kan ni eruku fi ń rìn ín, èyí tó wúwo nínú rẹ̀ á sì ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa fi kúnná débi pé ó ń wọ inú àpótí tí a ti pa.

Èéfín ní tirẹ̀, ìtòsí ló ti ń rú. Àkókò tí ọyẹ́ ń fẹ́ yìí náà ni koríko ń gbẹ ní gbogbo ilẹ̀ ọ̀dàn, láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Tchaourou, lọ sí Bọ̀rgú, títí wọ Nàìjíríà. Àgbẹ̀ ń tún oko ṣe, ọdẹ ń lé ẹran jáde, darandaran ń wá koríko tútù tó máa yọ lẹ́yìn iná. Oko kì í jó kí màjàlà má ṣòfófó, ẹni tó bá sá èlùbọ́ síta ní Kilibo tàbí ní Toui lákòókò yẹn kò nílò sátẹ́láìtì kó tó mọ̀. Èérún dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn tó ìka, tó ṣì dá bí ewé koríko ṣe rí mọ̀, á rọra bà lé orí èlùbọ́ funfun. Téèyàn bá ní kóun fi ìka mú un kúrò, á túká, á fi ilà dúdú sílẹ̀. Ìyẹn ni èyí tó tóbi tó kí ojú rí i. Èyí tí ojú kò rí ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ jìnnà.

Ní Kétu, eruku àti èéfín náà ni. Bó bá di Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìkùukùu ọ̀sà àti èéfín alùpùpù tún máa ń dara pọ̀ mọ́ ọn láàárọ̀, ó wá di àmúlùmálà tó ṣòro fún ojú lásán láti tú.

Báwo ni sátẹ́láìtì ṣe ń mọ eruku yàtọ̀ sí èéfín?

Oríṣi sátẹ́láìtì méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. Ọ̀kan dúró sójú kan. Meteosat, ti àjọ EUMETSAT ilẹ̀ Yúróòpù, wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ó ń bá ayé yí ní ìwọ̀n kan náà, ó wá dà bíi pé kò kúrò níbẹ̀. Ibi tó dúró sí wà lókè òkun, ní gúúsù Gánà. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Yúróòpù ló ni ín, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wo ìlú wọn. Àwa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ tààrà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń ya àwòrán láti ọ̀pọ̀ ọdún, ìran tuntun tí wọ́n rán lọ sókè ní oṣù kejìlá ọdún 2022 sì ń yà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Oríṣi kejì ń rìn láti òpin ayé kan dé èkejì, ó sún mọ́ ilẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ dáadáa: Terra láti ọdún 1999, Aqua láti 2002, Suomi NPP láti 2011, NOAA-20 láti 2017, NOAA-21 láti 2022. Wọ́n ń rí nǹkan fínnífínní, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í gba òkè wa kọjá ju bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́, lọ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, lóru lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín, wọn kò sí níbẹ̀.

Meteosat ń mọ eruku nípa ooru. Ilẹ̀, ìkùukùu àti eruku, kálukú ló ní bó ṣe ń jẹ́ kí ìtànṣán ooru tí ojú kò rí gba ara rẹ̀ kọjá. Kọ̀ǹpútà ń fi ìyàtọ̀ yẹn kun àwòrán, eruku á wá hàn ní píǹkì tó ń fà sí àwọ̀ àlùkò. Ọ̀dà tí kọ̀ǹpútà fi kùn ún ni píǹkì yẹn. Ojú ọ̀run kò pọ́n níbì kankan, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní rí ju sánmà tó ṣú funfun lọ. Ọ̀pọ̀ ìbẹ̀rù tó ń tọ àwòrán píǹkì lẹ́yìn ti tibẹ̀ wá. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé kò nílò oòrùn, a lè fi tẹ̀ lé eruku láti Chad wá sílé ní gbogbo òru. Àbùkù rẹ̀ ni pé èéfín kì í hàn níbẹ̀. Àwọn èérún èéfín kéré jù, ìtànṣán ooru ń gba àárín wọn kọjá bíi pé wọn kò sí.

Bí ẹnì kan bá wá fi àwòrán eruku Meteosat hàn yín, tó ní "ẹ ò rí i pé kò sí èéfín", ohun tí irinṣẹ́ náà kò lè rí ló ń wá níbẹ̀.

Èéfín ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Lójú àwòrán lásán, ó máa ń rí bí eérú tàbí kó fà sí búlúù díẹ̀, eruku sì máa ń rí bí ilẹ̀ gbígbẹ, torí eruku ń gbé apá búlúù lára ìmọ́lẹ̀ mì. Èérún èéfín kì í sábà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà (ìyẹn máíkírómítà kan), ti eruku tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú ìmọ́lẹ̀ ká sì yàtọ̀. Ẹ̀rí tó tún lágbára wà lára gáàsì. Sátẹ́láìtì Sentinel-5P, tó gòkè ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ń wọn carbon monoxide, gáàsì tí ohun tó ń jó ń tú jáde, tí eruku kò sì ní. Bí ojú ọ̀run Ṣábẹ̀ẹ́ bá ṣú, tí gáàsì náà kò sì gòkè, eruku la fẹ́ máa wí. Bí méjèèjì bá jọ gòkè, iná ti lọ́wọ́ sí i. Àmọ́ kì í ṣe àṣẹ tó dájú pátápátá, torí gáàsì náà lè lo oṣù kan sí méjì lójú ọ̀run, ọkọ̀ àti alùpùpù pẹ̀lú sì ń tú tiwọn jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ gíga. Nínú oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 2006, àwọn onímọ̀ tó gbé ọkọ̀ òfurufú láti Niamey lọ wọn afẹ́fẹ́ rí i pé eruku ló máa ń wà nísàlẹ̀, èéfín á sì gun orí rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè kò lè fi ìpele méjì yìí hàn, àfi sátẹ́láìtì tó ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà sísàlẹ̀ tó sì ń ka èyí tó padà. CALIPSO ṣe iṣẹ́ yẹn láti 2006 títí dé 2023. EarthCARE, tí Yúróòpù àti Japan jọ rán lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá gbà kọjá nìkan ló ń wọ̀n, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀.

Àmì pupa wọ̀nyẹn ńkọ́?

Ojú ewé tí àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń pè ní FIRMS ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Àmì kan túmọ̀ sí pé sátẹ́láìtì rí ooru tó ju ti ìtòsí rẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan, bó bá jẹ́ ti Terra tàbí Aqua, tàbí mítà 375, bó bá jẹ́ ti àwọn tuntun. Iná lè má gbà ju igun kékeré kan lọ nínú ilẹ̀ náà. Lórí fóònù, wọ́n tún ya àmì yẹn tóbi kí ojú lè rí i. Ẹni tó bá wo odidi Áfíríkà láti òkèèrè á rò pé kò sí ewé tútù kan tó kù láàárín Kétu àti Kandi. Kó súnmọ́ àwòrán náà, àlàfo ńláńlá á yọ láàárín àmì kan àti èkejì.

Kì í ṣe gbogbo àmì ló jẹ́ iná igbó pàápàá. Gáàsì tí wọ́n ń sun níbi kànga epo ní Niger Delta ń yọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Ní ìdàkejì, iná tí wọ́n dá lẹ́yìn tí sátẹ́láìtì kọjá, tó sì kú kí ó tó padà, kì í ní àmì kankan, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ìkùukùu bò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2, tó ń rí ilẹ̀ dé mítà mẹ́wàá sí ogún, wo ilẹ̀ tó jó ní Áfíríkà gúúsù Sàhárà lọ́dún 2016, wọ́n kà tó mílíọ̀nù 4.9 kìlómítà níbùú lóròó. Ó fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí ọ̀nà àtijọ́ rí lọ. Iná kéékèèké ni ọ̀pọ̀ èyí tó bọ́.

Èyí tó tún yẹ ká là mọ́lẹ̀: àmì kò mọ ẹni tó ṣáná sí igbó. Ibi àti àkókò nìkan ló ń sọ. Láti orí àmì pupa sí orí darandaran kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìwádìí tó wà láàárín méjèèjì kò sí lọ́wọ́ sátẹ́láìtì.

Ta ló gbé àwòrán yìí dé etí ayé?

Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni. Igbó Amazon ń jó ní Brazil, ayé ń pariwo, ni àwọn kan bá ka àmì ọjọ́ méjì jáde: Angola ní 6,902, Kóńgò Kinshasa 3,395, Brazil 2,127. Ààrẹ Macron ti ilẹ̀ Faransé, tó ń gbàlejò ìpàdé G7, ti orílẹ̀-èdè olówó méje, ní Biarritz nígbà náà, mẹ́nu kan iná Áfíríkà pẹ̀lú. Láti ìgbà yẹn ni àwòrán náà ti ń padà wá lọ́dọọdún, nígbà míì pẹ̀lú ọjọ́ àtijọ́ lórí rẹ̀. Ìṣirò yẹn kò parọ́, àmọ́ koríko ọ̀dàn tó ń hù padà tójò bá rọ̀ àti igi ńlá tí wọ́n gé tí wọ́n sun láti fi ilẹ̀ ṣe pápá màlúù, àmì kan náà ni wọ́n ń gbà.

Ṣé ohun tí sátẹ́láìtì ń rí lókè náà là ń fà símú?

Rárá, ibí yìí ni àṣìlóye tó lè pa èèyàn lára wà. Sátẹ́láìtì ń wọn gbogbo ohun tó dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, láti ilẹ̀ títí dé òkè pátápátá. Eruku lè wà ní kìlómítà mẹ́ta lókè tí àwòrán á burú jáì, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó sì lè jẹ́ pé èéfín tẹ́ sórí ìlú láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò rìn, kó jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa hàn lójú àwòrán.

Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2021 pé èérún tí kò ju 2.5 máíkírómítà lọ kò yẹ kó kọjá máíkírógíráàmù 15 nínú mítà kúbíkì kan láàárín wákàtí 24. Èérún tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló sì ń yọ àwọn ọmọdé, àgbàlagbà àti alárùn asthma lẹ́nu jù. Ní àríwá Benin, ẹ̀rù yínrùnyínrùn tún wà níbẹ̀, torí àkókò ọyẹ́ ló máa ń jà jù. Àmọ́ irinṣẹ́ tó ń ka èérún yìí ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Djougou ti ní ẹ̀rọ rí tó ń kojú sí oòrùn láti wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ṣú tó, èyí tí wọ́n fi yẹ ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì wò. Ṣábẹ̀ẹ́ wà lára ìlú mẹ́fà tí Benin ní ibùdó ojú ọjọ́ ńlá sí, pẹ̀lú Kútọnu, Bohicon, Parakou, Natitingou àti Kandi. Ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ á wo àwọn àmì tó mọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó, òkè kan, òpó kan, á kọ èyí tó ṣì rí sílẹ̀. Iṣẹ́ ojú lásán ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tó wà nílẹ̀, èyí tí Meteosat kò lè sọ.

Òjò ti dé, kí ló dé tí èéfín ṣì wà?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì bi ara wọn, Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an sì wà nínú ìdáhùn rẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Áfíríkà ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ DACCIWA. Wọ́n to irinṣẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi ní Gánà, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Ilé-Ifẹ̀, ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta sì ń gbéra láti Lomé. Ìkùukùu tó máa ń bolẹ̀ láàárọ̀ ìgbà òjò àti ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ àwọn ìlú etíkun ni wọ́n wá wò.

Ìlú ńláńlá lèèyàn á kọ́kọ́ fura sí: Èkó, Kútọnu, Àkúrá (Accra), pẹ̀lú ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ wọn. Wọ́n bá ìyẹn níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú èérún kíkúnná ojú ọ̀run wa lásìkò náà jẹ́ èéfín tó ti òkèèrè wá. Nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀rùn ni ní Angola àti gúúsù Kóńgò, igbó ń jó níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gbé èéfín náà sórí òkun, afẹ́fẹ́ òjò tó ń ti òkun wọlé á sì gbé e padà wá bá wa. Sátẹ́láìtì nìkan kì bá tí fi bẹ́ẹ̀ já a, torí ìkùukùu bo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ohun tó ti ibẹ̀ yọ kò rọrùn fún àwọn tó ń ṣètò ìlú. Bí Kútọnu bá tún gbogbo alùpùpù rẹ̀ ṣe, apá kan ìdọ̀tí oṣù kẹfà á ṣì máa ti ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn wá.

Iyàn wo ló wà lórí iná igbó fúnra rẹ̀?

Òfin nọ́ńbà 93-009 ti oṣù keje ọdún 1993 ló ń darí ọ̀rọ̀ igbó ní Benin. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ń ya iná méjì sọ́tọ̀. Feu précoce ni èyí tí wọ́n ń dá níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ lára: ó ń jó nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń kú tílẹ̀ bá ṣú, ó sì ń jẹ ohun tí iná ńlá ì bá rí jẹ bó bá yá. Feu tardif ni ti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló ń gun igi, tó ń pa ọ̀jẹ̀lẹ́ igi.

Àwọn tó ní oko kajú lágbègbè Collines, tí Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ iná kankan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọdún mélòó kan ni kajú fi ń dàgbà, òru kan sì tó láti sọ ọ́ di eérú. Wọ́n ń ro ilẹ̀ yí oko ká kí iná má bàa ráyè kọjá. Darandaran ń sọ pé láìsí iná, koríko líle ni màlúù máa jẹ. Àwọn onímọ̀ igbó kan ní béèyàn bá fòfin de gbogbo iná, koríko gbígbẹ á kóra jọ, ọjọ́ tí iná bá bọ́ sí i, apá kò ní í ká a. Lójú sátẹ́láìtì, iná ìbẹ̀rẹ̀ àti iná ìparí jọra wọn, àfi kí a wo ọjọ́ tó wà lórí àmì.

Ní ti ojú ọjọ́ ayé, àwọn kan ń tọ́ka sí i pé Áfíríkà ló ni nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tó ń jó láyé. Àwọn tó ń ta kò wọ́n ní koríko tó hù padà ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú carbon dioxide rẹ̀, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín dúdú àti gáàsì methane kò sí nínú ìṣirò yẹn. Wọ́n tún ní ilẹ̀ tó ń jó lágbàáyé ti dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin láàárín ọdún 1998 sí 2015, torí oko ń gba ipò ọ̀dàn. Àwòrán pupa orí WhatsApp kì í gbé ìyẹn wá.

Kí ló yẹ ká wò kí a tó fi àwòrán ránṣẹ́?

Ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n wọ̀n: ooru iná ni, eruku ni, gáàsì ni, àbí àsọtẹ́lẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn yìí ń da ọ̀pọ̀ lójú rú. Iṣẹ́ Copernicus ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní CAMS, ń fi àwòrán eruku àti èéfín ọjọ́ márùn-ún tó ń bọ̀ síta, ìṣirò kọ̀ǹpútà sì ni, kì í ṣe fọ́tò. Ìkìlọ̀ tó bá kan Benin gan-an, Météo-Bénin ló ń gbé e jáde.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọdún yìí wé ti ogún ọdún sẹ́yìn ní láti ṣọ́ra. Terra àti Aqua ti darúgbó, epo tí wọ́n fi ń dúró sójú ọ̀nà ti tán lọ, wákàtí tí wọ́n ń kọjá lókè wa kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tuntun tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ń rí iná kéékèèké tí wọn kì í rí. Bí àmì bá pọ̀ sí i lágbègbè Kétu, ó lè jẹ́ pé igbó tó ń jó ló pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ pé ojú tó ń wò ó ló mọ́ sí i.